Ẹkùn Inú Kámẹ́rà Kékeré

Ọkùnrin onífọ́tò kan wà ní ìlú tí wọ́n bí ìyá mi sí. Kámẹ́rà tí ó kọ́kọ́ ń lò jẹ́ àpótí ńlá tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá fẹ́ ya ènìyàn, yóò ti gíláàsì tó ń gba àwòrán bọ inú rẹ̀, yóò fi aṣọ dúdú bo orí ara rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń yà yóò sì gan bí ère títí onífọ́tò yóò fi ní ó ti tó. Ìyá mi ní ẹni tó bá yíjú lásìkò náà, orí méjì ni yóò ní nínú fọ́tò. Ẹ̀rín ṣì máa ń pa mí tí mo bá rántí. Àmọ́ àpótí yẹn ní oore kan: kò ṣeé gbé rìn. Ibi tí o bá gbé e kalẹ̀ sí ni wàá dúró sí.

Nígbà tó yá, kámẹ́rà kékeré dé láti ìlú òyìnbó. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sinimá, ni wọ́n ká sínú rẹ̀ bí òwú, ó sì lè ya fọ́tò mẹ́rìndínlógójì kí ó tó tán. Onífọ́tò wa ra ọ̀kan, ó gbé e kọ́rùn, ó ń yà bí ó ti ń rìn. Ihò kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi ojú kan wò, wọn a sì di ojú kejì. Ohun gbogbo tí o bá fi ihò yẹn wò, á kéré, á sì dà bí ẹni pé ó jìnnà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tàkúté ọlọ́dẹ kan mú ẹkùn lẹ́sẹ̀. Ọba ló ni ẹkùn nílùú wọn. Ọlọ́dẹ kò gbọdọ̀ pa á kí ìránṣẹ́ ààfin tó fojú rí i. Ó jókòó, ó ń dúró de ìránṣẹ́. Ó wo ibi tí ẹ̀wọ̀n tàkúté lè nà dé, ó sì ta màrìwò sílẹ̀ yíká ibẹ̀. Onífọ́tò gbọ́, ó sáré wá.

Ọlọ́dẹ sọ fún un pé, “Onífọ́tò, ṣé o rí màrìwò yìí? Má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọjá rẹ̀.”

“Bàbá ọlọ́dẹ, ẹkùn tó ti wọ tàkúté náà lẹ tún ń bẹ̀rù?”

“Ẹ̀rù rẹ̀ náà ló jẹ́ kí n dàgbà tó báyìí.”

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín, ó gbé kámẹ́rà sójú. Nínú ihò yẹn, ẹkùn ò ju ológbò lọ. Ó yà á, ó sún díẹ̀. Ó tún yà á, ó tún sún. Ẹkùn tó ti ń bú láti ìdájí wá dákẹ́. Ó fi àyà lélẹ̀. Ọlọ́dẹ rí i pé ìrù rẹ̀ ti ń mì fìrìfìrì, ó sì rí ẹsẹ̀ onífọ́tò tó ti tẹ màrìwò kọjá.

“Padà sẹ́yìn, ìwọ ọkùnrin yìí.”

“Ó kù díẹ̀. Ó ṣì jìnnà sí mi.”

Ọlọ́dẹ gbé ìbọn sókè, ẹ̀yìn onífọ́tò ló dí i lójú. Kò ṣeé yìn. Ó ju ìbọn nù, ó sáré kọjá màrìwò, ó fi ọrùn aṣọ fa ọkùnrin náà dànù sẹ́yìn. Ẹkùn ti fò nígbà náà. Èékánná tó ń bọ̀ wá bá ojú onífọ́tò, apá ọlọ́dẹ ló balẹ̀ sí, láti èjìká dé ìgúnpá.

Àwọn ìránṣẹ́ ààfin dé, wọ́n gba ọlọ́dẹ là. Ṣùgbọ́n apá yẹn kò gbé ìbọn mọ́, kò sì gbé ọkọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ ebè wọn láti ọjọ́ náà. Onífọ́tò ní tiẹ̀, kò fara pa níbì kankan. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù rẹ̀, ẹkùn inú fọ́tò kọ̀ọ̀kan tóbi ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ojú ẹkùn nìkan ló kún gbogbo rẹ̀. Mo ti wà nílé ọkọ kí ìyá mi tó fi fọ́tò náà hàn mí, síbẹ̀ n kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwọ wàyí, ọmọ ọmọ mi, o jókòó síwájú mi, ò ń rẹ́rìn-ín, o ní ìyàwó aládùúgbò yín kàn ń bá ọ tàkúrọ̀sọ ni, pé ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Àná, ẹnu ọ̀nà lẹ ti ń kí ara yín. Lónìí, ó ti di inú yàrá. O sì ní ó ṣì jìnnà. La ojú kejì, kí o wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí bí ọ̀rọ̀ yìí bá fò, ó lè má kàn ọ́. Ìyàwó rẹ tó máa sáré wá fà ọ́ jáde ni yóò gba èékánná náà sára.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ọbẹ̀ mi. N kò ní bu oúnjẹ fún ọ lónìí. Dìde, lọ jẹ ti ilé rẹ.