Òpó Ààlà Nínú Omi

"Rọra gun afárá èbúté yẹn, Baálẹ̀. Ó ń mì."

"Bàbá, láti kékeré mi ló ti ń mì."

"Nígbà yẹn, ìwọ kò tíì sanra. Àbúrò mi ńkọ́?"

"Ìyá ṣì wà lórí ẹní. Ẹ̀kọ mímu nìkan ni wọ́n ń gbà."

"Ọlọ́run á gbé e dìde. Kí ló gùn jọjọ nínú ọkọ̀ rẹ yẹn? Àbí o fẹ́ kọ́lé fún ìyàwó tuntun?"

"Ìyàwó wo, Bàbá? Òpó ààlà ni. Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Mo fẹ́ kí wọ́n bá a lórí ìdúró."

"Ààlà láàárín ta ni àti ta ni?"

"Láàárín àwa àti àwọn ará òdìkejì."

"Ará òdìkejì lèmi náà."

"Ẹ̀yin yàtọ̀."

"Òpó náà á mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó erékùṣù wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan nínú máàpù, kí igbó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ wa sì ni igbó wà. Kí ni àwọn tó kù mú wá? Mo ní kí ẹ gbàdúrà sí òpó náà kí n tó lọ rì í."

"Jókòó ná."

Àgbàlagbà tó sọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá Baálẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà létí omi. Ó gbé àwọ̀n tó ń tún ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí ní erékùṣù kan. Erékùṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n kéré, wọ́n sì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìró odó tí wọ́n ń gún ní ọ̀kan fi ń dún ní èkejì. Ọ̀kan ní igbó. Ọ̀kan ní kànga tí omi rẹ̀ kò níyọ̀. Ìkẹta kò ní ju òkìtì yanrìn kan lọ, tí omi kì í bò nígbà òjò. Orí yanrìn náà ni gbogbo wọn ti ń sin òkú wọn, nítorí pé níbòmíràn, bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, omi á sun jáde. Ẹnikẹ́ni kì í tọrọ àyè. Bí àwọn ará orí yanrìn bá ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi màrìwò sí nímú, wọ́n á gbé ọkọ́, wọ́n á sì ti máa gbẹ́ ilẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀.

Ọkùnrin yìí ni olórí ibi tí igbó wà. Igi ọkọ̀ àti igi tí gbogbo wọn fi ń yan ẹja, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e. Nígbà tí ayàwòrán ilẹ̀ dé, ó bi í pé, "Níbo ni ẹ̀yin parí sí?" Ọkùnrin náà dáhùn pé, "A parí síbi tí igbó wa parí sí." Ó ri òpó sínú omi. Ó ṣòfin pé ẹni tó bá ń bọ̀ láti òdìkejì gbọ́dọ̀ dúró níbi òpó kí ó pè, títí a ó fi dá a lóhùn.

Àwọn ará òdìkejì wá, wọ́n dúró, wọ́n pè. Orí ẹní ló ti ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n padà wá. Ẹja àwọn obìnrin bàjẹ́ nítorí àìsí igi. Wọn kò bá a jà. Wọ́n kàn dẹ́kun wíwá ni.

Ní àtijọ́, bí ọkọ̀ àwọn agégi àjèjì bá gba ẹ̀yìn wọlé, àwọn tó ń pọnmi ní kànga ló ń kọ́kọ́ rí i, wọ́n á sì kígbe. Wọ́n ṣì ń rí i. Wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń pọnmi wọn lọ. Igbó náà ń fà sẹ́yìn. Ọkùnrin náà fi òpó kún òpó.

Nígbà tí òjò dé, ìyá rẹ̀ kú.

Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó fi màrìwò sí i nímú. Nígbà tó dé ibi òpó, ó dúró, nítorí òun ló ṣòfin. Ó pè. Obìnrin arúgbó kan jáde wá sétí omi.

"Ta ló ń pè?"

"Èmi ni, Màmá. Ìyá mi ni mo gbé wá."

"Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Wọ́n ti bí i kí òpó tó dé. A ti gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ tán."

Ọkùnrin náà gbé àjẹ̀ rẹ̀ láti wọlé.

"Òun la ní kó wọlé," ni arúgbó náà wí. "Ìwọ, o ti sọ ibi tí o parí sí."

Wọ́n fi ọkọ̀ tiwọn wá. Wọ́n rọra gbé òkú náà kọjá òpó. Wọ́n sunkún rẹ̀ bí ìyá ara wọn. Ọkùnrin náà wà lórí omi, ó ń wò wọ́n. Yanrìn tí ọmọ máa ń dà sára òbí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló dà á.

Bàbá tún fa àwọ̀n rẹ̀ mọ́ra. Afárá ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ṣìkà, Bàbá."

"Máàpù rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé. Baálẹ̀, ìwọ ni mo ń bá wí. O ní kí ni àwọn tó kù mú wá. Ọjọ́ tí a gbé bàbá rẹ gúnlẹ̀ sórí yanrìn wa níhìn-ín, ta ló gbẹ́ ilẹ̀? Ǹjẹ́ o pè kí o tó wọlé? Àbúrò mi wà lórí ẹní nílé rẹ. Mi ò fẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n arúgbó ni, arúgbó lèmi náà. Ohun tí o bá fọwọ́ sí lọ́la ni àwọn ọmọ rẹ yóò bá. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ parí sí, kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọn yóò tẹ́ ọ sí. Mi ò ní gbàdúrà sí òpó."

Baálẹ̀ dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń kó òpó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sétí omi. Nígbà tó tán, ó tú okùn, ó fi àjẹ̀ ti ilẹ̀.

"Baálẹ̀, o gbàgbé ẹrù rẹ!"

"Mi ò gbàgbé, Bàbá. Ẹ fi wọ́n ti afárá yín. Èrò máa pọ̀ lórí rẹ̀ lọ́la, nígbà tí mo bá kó àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ wá síhìn-ín."