Ọkọ́ Èjìká Bógunjókòó

Wọ́n máa ń pa á lówe pé, "Ẹni tí kò jẹ́ ká rìn lásán ló gbé ọkọ́ lé Bógunjókòó léjìká." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ń pa òwe náà rò pé ìwọ̀fà ni Bógunjókòó, tàbí pé ẹnì kan fi túláàsì lé e lọ sóko. Irọ́ ni. Bàbá náà kò sin ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ tí wọ́n ń wí yìí kò kọ ebè kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Àgbẹ̀ ni Bógunjókòó nílùú Ìdí-Ayín. Ó ti dàgbà, ó sì ti fa oko rẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó wù ú láyé. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, yóò gba ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, yóò máa rìn jẹ́jẹ́ lóun nìkan títí yóò fi dé orí àpáta kan tí kò jìnnà. Yóò jókòó síbẹ̀, atẹ́gùn yóò máa fẹ́ sí i lára, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà yóò máa pariwo lórí ọ̀pẹ bí àwọn tó ń jà sí ogún. Láti ibẹ̀, ó ń rí èéfín ilé ara rẹ̀. Inú rẹ̀ a dùn gan-an, a sì padà sílé lọ jẹun.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í rìn lásán ní Ìdí-Ayín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Adégbìtẹ́ adẹ́mu pàdé rẹ̀ lọ́nà.

"Bàbá, ṣé kò sí o? Níbo lẹ forí lé?"

"Kò síbì kan. Mo ní kí n gbatẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn? Ṣé kò sí atẹ́gùn nílé ni? Àbí ẹ̀yin àti Ìyá Ìbídùn jà?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ìyàwó lé Bógunjókòó jáde. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní orí rẹ̀ ni kò pé mọ́, ìbátan rẹ̀ kan tilẹ̀ gbé àgbo wá. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Lọ́jọ́ kẹrin, ó yọ ọkọ́ àlòkù kan lájà, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Bàbá, níbo o?" ni Adégbìtẹ́ tún bi í.

"Oko ni."

"Áà! Àroko bọ́dún dé o!"

Ó parí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé ọkọ́ jáde, tó ń gbé e wọlé, tí ìlú ń yìn ín pé àgbà tí kò mọ ọ̀lẹ ni. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò yìn ín, nítorí kò rí i kó gbé iṣu kan ṣoṣo ti oko náà bọ̀ rí.

Ìgbà tó yá, Látúndé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Adégbìtẹ́, fẹ́ gbé Ìbídùn, ọmọ Bógunjókòó, níyàwó. Ẹ sì mọ̀ pé àna gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ọ̀wẹ̀: yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn yóò fi odidi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lóko bàbá ìyàwó. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Látúndé dé pẹ̀lú ogún ọ̀dọ́kùnrin, tọkọ́tọkọ́. Adégbìtẹ́ ló ṣáájú wọn.

"Bàbá, oko yín tí ẹ̀ ń lọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn la wá kọ."

Bógunjókòó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n ní kó júwe ọ̀nà, àwọn á débẹ̀. Ó ní òjò fẹ́ rọ̀. Wọ́n wòkè, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ìyá Ìbídùn ti wé gèlè.

"Mò ń bá yín lọ o," ló wí. "Mo fẹ́ rí obìnrin tó ń jẹ iṣu yẹn."

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìdí àpáta. Ọ̀nà tán níbẹ̀. Kò sí ebè, kò sí ewé iṣu.

"Oko dà?" ni Adégbìtẹ́ bi í.

Ẹ̀rù ba Bógunjókòó. Ó mọ̀ pé bí àwọn àna bá pe òun ní òpùrọ́, ìgbéyàwó ọmọ òun fọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ kò lè hu iṣu.

"Kò sí oko," ló wí. "Mò ń wá jókòó síbí ni. Ó dùn mọ́ mi."

Adégbìtẹ́ gbaná jẹ. "Irọ́ ọdún mẹ́ta! Látúndé, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ká máa lọ. A kì í fẹ́ ọmọ òpùrọ́ nílé wa."

Bógunjókòó sọ ọkọ́ èjìká rẹ̀ sílẹ̀. "Adégbìtẹ́, nígbà tí mo sọ òótọ́ fún ọ, o ní ìyàwó lé mi jáde. Nígbà tí mo purọ́, o ṣàdúrà fún mi. Ta ló wá kọ́ mi ní irọ́?"

Ìyá Ìbídùn ti jókòó sórí àpáta ní tirẹ̀. Ara tù ú pé kò bá obìnrin kankan níbẹ̀.

"Ibí yìí mà dára o, Bàbá Ìbídùn. Kí ló dé tí ẹ ò mú mi wá rí?"

"Nítorí pé o ó máa sọ̀rọ̀ ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan Adégbìtẹ́. Látúndé dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ọ̀wẹ̀ ni mo wá ṣe, mi ò sì ní padà láìṣe é. Kí la ó kọ?"

Bógunjókòó wo ẹ̀yìn. "Koríko ti fẹ́ẹ̀ bo ọ̀nà yìí. Ẹ ro ó fún mi láti ibí títí dé ẹ̀yìnkùlé mi."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀nà náà ti mọ́ tónítóní. Látúndé gbé ìyàwó rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn pé ó ṣe ọ̀wẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Bógunjókòó jáde lọ́wọ́ òfo. Adégbìtẹ́ wà lókè ọ̀pẹ. Ó rí i, ó fẹ́ béèrè, ó gbé e mì.

"Bàbá," ló wí, "ẹ kú atẹ́gùn o!"

Bẹ́ẹ̀ ni òwe náà ṣe dáyé. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, tó wá ń bínú pé wọ́n purọ́ fún òun, ẹ rọra sọ fún un pé ẹni tí kò jẹ́ ká rìn lásán ló gbé ọkọ́ lé Bógunjókòó léjìká.