Ìjàpá Tó Mọ Kòríà Ju Ọmọ Kòríà Lọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò, ó rékọjá òkun, ó wá bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo lórí. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ sún mọ́bí.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ebi dé ìlú àwọn ẹranko. Erin, ọba wọn, wá gbọ́ pé ẹyẹ kan ń bọ̀ láti ilẹ̀ Kòríà. Kaṣí lorúkọ rẹ̀. Ó kó irúgbìn tí í hù nínú ọ̀dá dání. Bí inú àlejò bá dùn, irúgbìn di tiwọn. Bí inú rẹ̀ ò bá dùn, ebi ni yóò pa wọ́n.

Erin bi wọ́n pé, "Ta ló mọ ìwà àwọn ará Kòríà nínú yín?"

Ta ló fò dìde? Ìjàpá ni! Ẹ kú òye.

"Kábíyèsí, mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Èébú ni kí ẹlòmíràn da ẹmu fún wọn. Ẹ má sún mọ́ àlejò yìí o! Èmi nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó jókòó tì í."

Ẹ ò rí i? Ẹmu tó kù nílùú ló fẹ́ dá mu. Ló bá ń kọrin:

Èmi ni mo mọ Kòríà o,
*Ṣé o débẹ̀?*
Mo mọlé, mo mọ̀nà,
*Ṣé o débẹ̀?*
Mo mọ ohun tí wọ́n ń jẹ,
*Ìjàpá, ṣé o débẹ̀?*

Ẹ gbè é dáadáa! Àbí ẹ ò tíì jẹun ni?

Kaṣí dé. Ó tẹrí ba fún Erin títí ẹnu rẹ̀ fi kanlẹ̀. Wọ́n gbé ẹmu wá. Kaṣí fi ìyẹ́ méjèèjì gbé akèrègbè, ó da ẹmu sínú ahá Ìjàpá. Ìjàpá gbé e mì, káló! Kaṣí tún dà á. Ìjàpá tún gbé e mì. Bí ahá rẹ̀ ti ń gbẹ ni Kaṣí ń kún un. Ẹmu wọ Ìjàpá lágbárí, orin wá yí padà:

Ìránṣẹ́ ni wọ́n bí wọn o,
*Ṣé o débẹ̀?*
Wọn ò mọ̀ ju ká sin ni,
*Ìjàpá, ṣé o débẹ̀?*

Ahá Kaṣí ńkọ́? Ó gbẹ táútáú. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kaṣí wo ahá náà títí, ó gbé àpò irúgbìn rẹ̀ kọ́ apá, ó dìde.

"Kábíyèsí, ẹ ṣeun. Mo ń padà sílé."

Àyà Erin já. "Kí la ṣe?"

"Nílé wa, èèyàn kì í da ẹmu fún ara rẹ̀. Èmi a dà á fún ọ, ìwọ a dà á fún mi. Bí ahá àlejò bá gbẹ tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò ó, wọ́n ní kó máa lọ nìyẹn."

"Ìjàpá ló ní èébú ni! Ìjàpá, ìgbà wo lo dé Kòríà?"

"Dé ibo?" Ẹmu ló ń sọ̀rọ̀. "Fíìmù wọn ni mo wò nílé Ọ̀kẹ́rẹ́."

"Fíìmù mélòó?"

"Ìdajì ẹyọ kan. Iná lọ."

Yéè! Erin ò dúró gbọ́ ìyókù. Fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́jà gbé akèrègbè, ó da ẹmu fún àlejò, ó ní kó má bínú. Kaṣí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mu.

Ẹtu fò sókè: "Ó kẹ̀yìn sọ́ba!"

"Bi í léèrè ná," Erin wí.

Kaṣí ní, "A kì í kọjú sí àgbà ká máa mutí. Ọ̀wọ̀ ni."

"Háà!" Ẹtu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àwa ń dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yin ń yíjú. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ forí jì mí."

Kaṣí rẹ́rìn-ín, ó tú àpò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbin irúgbìn, ó hù, wọ́n yó.

Ìjàpá ńkọ́? Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí ó fi fa orí wọnú karawun. Ìdí nìyẹn, títí dòní, bí Ìjàpá bá ti gbúròó ẹsẹ̀ àlejò, orí a wọlé. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má bi í léèrè ibi tó dé rí.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ̀fọn jẹ mí mọ́jú. Bí kò bá sì sírọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin ni kó jẹ.