Sípíríǹgì Tuntun àti Ìwé Ogún

Kí Ìbídùnní tó wọ yunifásítì, kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ fíísíìsì kankan rí. Ní ilé-ìwé girama rẹ̀, ojú pátákó ni tíṣà máa ń yà wọ́n sí, tí àwọn ọmọ á sì dà á kọ. Nígbà tí ó wá di ọdún kìíní, tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan ní lábù, ó ń di irinṣẹ́ mú bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún. Ó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́. Bí ó bá tún pàdánù ẹ̀kẹta, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ẹ̀ka fíísíìsì, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ láti kékeré nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní àṣà kan. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ogún. Àwọn tó ti ṣáájú kọ èsì gbogbo iṣẹ́ lábù sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fà á lé àwọn àbúrò lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ní in kò ní wàhálà: á kàn gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ fún àfihàn, á máa tàkúrọ̀sọ, á sì da èsì kọ. Ká sòótọ́, ọ̀lẹ ló bí ìwé náà, ìbẹ̀rù ló sì ń tọ́ ọ dàgbà.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹta, sípíríǹgì ni wọ́n gbé síwájú wọn. Wọn yóò so irin tí wọ́n ti mọ ìwúwo rẹ̀ kọ́ ọ, wọn yóò sì fi rúlà wo bí ó ti nà tó. Túbọ̀sún, ẹni tí wọ́n pín Ìbídùnní mọ́, ti ṣí Ìwé Ogún sílẹ̀ kí ó tó jókòó.

"Ọgọ́rùn-ún gíráàmù, sẹ̀ńtímítà mẹ́rin. Kọ ọ́ sílẹ̀, Ìbídùn, ká tètè máa lọ."

Ìbídùnní wo rúlà. "Méjì ààbọ̀ ni mo rí o."

"Ṣé ojú yìí náà lo fi wo ti ọjọ́sí tó o fi gba òdo?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Kí ló dé tí kò ní gba ìwé tó ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ewu? Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó lọ bá Bàbá Akínrìnádé, àgbàlagbà tó ń tọ́jú irinṣẹ́ lábù.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe yẹ kí n máa wò ó?"

Bàbá kò sọ iye tó yẹ kí ó rí. "Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí ojú rẹ dọ́gba pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó wà nídìí sípíríǹgì yẹn. Bí o bá wò ó látòkè, wàá ṣì í kà. Kí o sì jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ ná."

Ìbídùnní kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, títí orúnkún fi ń ro ó. Méjì ààbọ̀ náà ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti parí, wọ́n ń bi í bóyá rúlà ni ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó fi ń kúnlẹ̀ kí i.

"Bí wọ́n bá máa lé mi, kí wọ́n kúkú lé mi lórí ohun tí mo rí," ló wí, ó sì kọ èsì tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dókítà Adéògún tó ń kọ́ wọn mú òkúta kan wọlé. Ó so ó kọ́ sípíríǹgì, ó nà ní sẹ̀ńtímítà mẹ́fà.

"Ẹ wo èsì tí ẹ kọ, kí ẹ fi sọ bí òkúta yìí ṣe wúwo tó."

"Àádọ́jọ gíráàmù, sà!" Túbọ̀sún ló kọ́kọ́ ké e, gbogbo kíláàsì sì gbè é.

Ìbídùnní dìde. "Igba gíráàmù ó lé ogójì ni tèmi, sà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dókítà gbé òkúta sórí òṣùwọ̀n, ó ní kí Túbọ̀sún fúnra rẹ̀ wá kà á. Túbọ̀sún wò ó, ó tún un wò.

"Igba... ó lé méjìdínlógójì, sà."

Bàbá Akínrìnádé ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ọdún yìí la ra àwọn sípíríǹgì wọ̀nyí. Wọ́n le ju ti àtijọ́ lọ."

"Àwọn tó ṣáájú wa ló sọ pé mẹ́rin ni, sà," Túbọ̀sún ń kálòlò.

"Wọ́n sọ. Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?"

Gbogbo wọn ló tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi Ìbídùnní tó yege, tó sì sunkún ayọ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí ju yunifásítì lọ lọ́jọ́ orí, kó máa jiyàn rẹ̀ lọ. Ní lábù yẹn, ibi tó ti ṣẹ̀ nìyí, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ìròyìn ò tó àfojúbà.