Àlùmọ́gàjí Inú Báàgì

Ẹ gbọ́ bí Làmídì ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Alhaja Sìdíkátù, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Alhaja kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan gé aṣọ. Inú báàgì rẹ̀ ni àlùmọ́gàjí ń gbé. Nígbà tó lọ ṣọdún Iléyá nílé ọkọ, ó gbé báàgì lọ, ó ní kí Làmídì, tí kò níbi tó ń lọ, jókòó ti ṣọ́ọ̀bù kó rán aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ Tíṣà Odùọlá. Alhaja dé, ó bá aṣọ nínú ìdì bó ṣe fi í sílẹ̀, ló bá figbe ta: "Tí Tíṣà bá dé tí aṣọ ò tíì ṣe tán, kó ẹrù ẹ máa lọ!" Àfi gbì, Tíṣà wọlé. Làmídì ò dárúkọ àlùmọ́gàjí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yọ téèpù lọ́rùn: "Ẹ kú ọdún, sà. Alhaja ò fẹ́ gé aṣọ yìí láìtún àwọn ọmọ wọ̀n. Ọmọ máa ń ga nígbà ọlidé, sà." Tíṣà ní ẹni tó mọṣẹ́ rèé, òun á kó wọn wá lọ́la. Bó ṣe jáde, Alhaja kọjú sí Làmídì: "Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ máa ń ga nígbà ọlidé?" "Ojú fèrèsé yìí ni mo ṣọdún, mà. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wọ aṣọ tí a rán fún wọn léṣìí kọjá, ó ti kúrú mọ́ wọn lára. Kò sẹ́lòmíì tí mo rí wò." Alhaja ṣí báàgì, ó mú àlùmọ́gàjí jáde, ó gbé e síwájú Làmídì.