Àgbàdo Àwẹ̀ró àti Àgbọn Fáṣínà

Fáṣínà àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Ìdóàgbọn, ìlú kékeré kan létí ọ̀sà, níbi tí igi àgbọn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Iṣẹ́ Fáṣínà ni kí ó máa gun àgbọn, fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bí ó bá ti fi igbà, okùn ìgungi rẹ̀, kọ́ ìbàdí, kí ẹni tó wà nílẹ̀ tó sín tán, ó ti dé orí igi. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ń gbin àgbàdo sẹ́yìn ilé. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, Àìná, ti lọ sílé ọkọ ní ìlú mìíràn, nítorí náà àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé tí wọ́n ń wo ojú ara wọn. Àwọn tọkọtaya kan wà tí irú ìwòjú bẹ́ẹ̀ máa ń sú. Kò sú àwọn méjì yìí.

Àṣà kan wà ní Ìdóàgbọn láyé ọjọ́un. Bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bá fẹ́ fẹ́ ara wọn, àwọn àgbà á gbé igbá òfìfo kan sáàárín wọn. Ọmọkùnrin á mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá, ọmọbìnrin náà á mú tirẹ̀ wá, wọ́n á kó o pọ̀ sínú igbá, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́ lójú gbogbo ẹbí. Igbá àjọjẹ ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń wo bí ohun tí wọ́n mú wá ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó gbé iṣu wá kò ga ju ẹni tó mú ata wá lọ. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ èèwọ̀ ni kí ẹnì kan na ọwọ́ òfìfo sínú igbá náà. Lọ́jọ́ tiwọn, àgbọn ni Fáṣínà mú wá, Àwẹ̀ró sì mú àgbàdo sísè. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ ìyàwó á sọ igbá náà di ohun ìbumi. Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí omi kan tirẹ̀.

Bí ọjọ́ ọjà bá pé, tí oòrùn sì ti rọlẹ̀, Àwẹ̀ró á bu àgbàdo sísè sínú igbá náà, Fáṣínà á há àgbọn kan mọ́ abíyá, wọ́n á sì gba ọ̀nà etí ọ̀sà lọ. Kò sí ohun tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ ògbólógbòó kan wà tí ẹni tó ni ín ti dojú rẹ̀ délẹ̀ sí èbúté. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Fáṣínà á la àgbọn mọ́ òkúta, wọ́n á gbé omi inú rẹ̀ fún ara wọn mu, wọ́n á sì máa fi àgbọn jẹ àgbàdo. Nígbà tí àgbàdo tútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, Àwẹ̀ró á yan gúgúrú dípò rẹ̀. Wọ́n á máa wo àwọn apẹja tó ń tukọ̀ bọ̀ wálé, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú bó ṣe rí, wọ́n á sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kó lè dùn.

“Bàbá Àìná, ẹ̀yin nìkan lẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi àgbọn yìí tán,” Àwẹ̀ró á wí.

“Mo kàn tọ́ ọ wò ni, kó má baà jẹ́ pé ó ti kan.”

“Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń tọ́ ọ wò, ó ti kan rí?”

“Ọjọ́ tí n kò bá tọ́ ọ wò gan-an ló máa kan.”

Ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́jọ́ ọjà gbogbo. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí, síbẹ̀ ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa fi Àwẹ̀ró ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ìyàwó tó ń ṣe bí ìyàwó àná ni. Kì í dá wọn lóhùn. Ó mọ ohun tó wà nínú igbá òun.

Ó wá di ọdún kan, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, Fáṣínà gun igi àgbọn kan tí ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, igbà rẹ̀ já, òun náà sì já lulẹ̀. Orí yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ kò bọ̀ sípò dáadáa mọ́. Àwọn tó ń to egungun tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lè dìde, tí ó sì lè fi ọ̀pá rìn. Wọ́n wá kìlọ̀ fún un pé kó fi igi gígùn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Fáṣínà so igbà tó já náà pọ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé àgbọn kì í já fúnra rẹ̀ ni? Ó ń já. Ṣùgbọ́n ní Ìdóàgbọn, àgbọn tó bá já fúnra rẹ̀, ti opó àti ti àlejò ni. Ẹni tó ń gun àgbọn kì í bẹ̀rẹ̀ ṣa á. Kàkà kí Fáṣínà bá opó du àgbọn, yóò kúkú máa wò ó níbi tó wà.

Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe Àwẹ̀ró púpọ̀, ó sì pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí ó mọ àdánù náà lára. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà tí Fáṣínà tún lè rìn dé etí ọ̀sà, Àwẹ̀ró ti fi àgbàdo gba pàṣípààrọ̀ àgbọn lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń gun àgbọn. Ó ti là á, ó ti bó o, ó ti kó o sínú igbá pẹ̀lú àgbàdo.

“Ẹ jókòó, Bàbá Àìná. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu rárá. Gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀.”

Ó gbé omi àgbọn náà lé e lọ́wọ́. Fáṣínà mu díẹ̀, ó sì dá a padà.

“O ṣeun,” ni ó wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, Fáṣínà kò dúpẹ́ omi àgbọn rí. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, ó rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ tí àìsàn máa ń kọ́ èèyàn ni.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹ̀pà kún un. Fáṣínà jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó ní eyín ń dun òun. Àwẹ̀ró gbà pé oúnjẹ ni kò tó. Nígbà mìíràn ó dín àkàrà sí i. Bí igbá ti ń kún ni ọ̀rọ̀ ẹnu Fáṣínà ń dín kù. Nígbà tó yá, ó ní kí Àwẹ̀ró máa nìkan lọ, pé ó yẹ kí ẹnì kan ṣọ́ ilé. Ilé tí olè kankan kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ rí.

Àwẹ̀ró nìkan lọ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú délẹ̀, ó bu àgbàdo jẹ, ó bu àgbọn lé e. Kò mọ ohun tí òun ń jẹ. Àwọn apẹja ń kọjá, kò rí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ wọn fún. Ó gbé igbá náà bọ̀ wálé pẹ̀lú oúnjẹ inú rẹ̀, omi sì ń jáde lójú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọkàn ọkọ òun ti kúrò lára òun, pé ìṣubú yẹn ti gba Fáṣínà lọ, ó sì fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kejì ni Àwẹ̀ró dé láti ọjà, tí kò bá ọkọ rẹ̀ nílé. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Igbà kò sí níbẹ̀. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó sì sáré gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ọ̀pá Fáṣínà ló kọ́kọ́ rí, tó fi ti ìdí igi àgbọn kan. Nígbà náà ló rí Fáṣínà fúnra rẹ̀. Ó ti fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ igi, ó ti gùn ún díẹ̀ kọjá orí èèyàn, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn síbẹ̀. Kò lè lọ sókè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó ń gbọ̀n.

Àwẹ̀ró fẹ́ ké, ó gbé igbe náà mì. Ó mọ̀ pé bí òun bá dẹ́rù ba ọkùnrin náà, ilẹ̀ ni yóò bá a.

“Bàbá Àìná,” ó wí jẹ́jẹ́.

“Àwẹ̀ró. Má wo òkè.”

“N kò wo òkè. Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò. Ẹ gbé ti òsì lé mi léjìká.”

“Mo wúwo.”

“Mo ti mọ bí ẹ ṣe wúwo tó. Ẹ gbé e lé mi.”

Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀, èjìká ìyàwó rẹ̀ ni àtẹ̀gùn rẹ̀, títí àwọn méjèèjì fi jókòó sí ìdí igi tí wọ́n ń mí gúlegúle. Nígbà tí ọkàn Àwẹ̀ró balẹ̀ tán ni inú wá ń bí i.

“Kí lẹ ń wá lórí igi?”

“Àgbọn ni.”

“Àgbọn wà nílé. Mo ti lọ gbà á wá láti àárọ̀.”

“Tìrẹ nìyẹn,” Fáṣínà dáhùn. Ó ń fi ọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. “Àgbàdo tìrẹ, àgbọn tìrẹ, ẹ̀pà tìrẹ, iyọ̀ tìrẹ. Bí mo bá jókòó ti igbá yẹn, ìwọ nìkan lò ń jẹun, ẹnu mi lo kàn ń yá lò. Ọwọ́ òfìfo ni mò ń nà sí i, Àwẹ̀ró. Ojú ń tì mí. Mo rò ó pé ó sàn kí n kúkú ṣọ́lé.”

Àwẹ̀ró yíjú sí i.

“Èmi rò pé ẹ kò fẹ́ràn mi mọ́ ni,” ó wí.

“Èmi? Èmi tí mo fi ìlàjì ìbàdí gun igi nítorí rẹ?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró kó tó mọ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. “Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“O ràn mí lọ́wọ́ títí, n kò rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó fa igbà náà kúrò ní ìbàdí ọkọ rẹ̀, ó ká a jọ sórí itan ara rẹ̀. “Ó dáa,” ó wí. “Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àgbàdo nìkan ni màá gbé wá, ìdajì igbá ni màá sì bù ú sí. Ìdajì yòókù, tiyín ni. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gun igi, èmi náà á bá yín gùn ún, ẹ ó wá wá ẹni tí yóò sọ̀ wá kalẹ̀.”

Nígbà tí ọjọ́ pé, Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dé etí ọ̀sà. Ó gbé igbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbàdo wà lápá kan, apá kejì ṣófo. Apá tó ṣófo yẹn ló ń wò. Oòrùn ń rọlẹ̀, Fáṣínà kò dé. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá kò yẹ kí òun mú àgbọn kékeré kan wá, kí òun fi í pamọ́ sábẹ́ ìró. Ó ti ń dìde ni ó gbọ́ ìró ọ̀pá lórí iyanrìn.

Fáṣínà jókòó tì í, ó fa ewé kan yọ, ó sì tú u. Ẹja ẹ̀pìyà kan ló wà nínú rẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, apá kan rẹ̀ sì ti jóná dúdú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nídìí igi ni Fáṣínà ti ń jókòó létí omi pẹ̀lú ìwọ̀, iṣẹ́ tí kò ṣe rí. Ẹyọ ẹja yìí nìkan ló káàánú rẹ̀. Ó gbé e sínú ìdajì igbá tó ṣófo.

“Ẹ̀yin lẹ sun ún fúnra yín?” Àwẹ̀ró béèrè.

“Ta ni ì bá bá mi sun ún?”

“Ó hàn lára rẹ̀.” Ó tẹ ojú mọ́ ẹja náà. “Ìrù rẹ̀ dà?”

Fáṣínà wo ọ̀sà lọ réré. “Mo kàn tọ́ ọ wò ni, kó má baà jẹ́ pé ó ti kan.”

Ẹ̀rín tí Àwẹ̀ró rín lọ́jọ́ náà, àwọn apẹja gbọ́ ọ lórí omi. Fáṣínà pín ẹja náà sí méjì, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní apá tí kò jóná, wọ́n sì fi í jẹ àgbàdo. Kò sẹ́ni tó sọ pé “O ṣeun.”

Obìnrin àdúgbò kan ń kọjá lọ pọnmi. Ó yọjú wo inú igbá wọn, ó ní, “Ìyá Àìná, ẹja yín yìí mà kéré o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbé àkàrà àti ẹ̀pà wá síbí.”

“Ìyá wa, ìgbà yẹn, èmi nìkan ni mo ní,” Àwẹ̀ró dá a lóhùn. “Lónìí, àwa méjèèjì la ní.”

Obìnrin náà ro ọ̀rọ̀ yìí dé odò, ó rò ó bọ̀ wálé, ó sì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe yé òun sí. Ẹnu rẹ̀ ni ará ìlú ti gbà á, lẹ́nu ará ìlú ni ó ti rìn dé ọ̀dọ̀ tiwa, tí a fi ń sọ ọ́ títí dòní pé: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.