Bí Ẹ̀rọ Ṣe Sọ Ẹyẹ Ẹ̀gà Di Aláriwo

Nígbà láéláé, kí àwọn ẹyẹ tó pín igi láàárín ara wọn tán, ẹ̀gà ló dákẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Bí ẹ bá gba abẹ́ ọ̀pẹ tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀gà wà lórí rẹ̀ kọjá, ẹ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ìwé ni wọ́n máa ń kà. Wọ́n á ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á kọ̀wé sí i, wọ́n á sì kà á sínú láìjẹ́ kí àgógó ẹnu wọn mì.

Àwẹ̀ró ni tíṣà wọn. Ó kéré lára, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ẹ̀gà kan tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ̀wé. Ohun tó fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn ni àmì ohùn, dò, re, mí.

“Ẹ wo orí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó wo ìdí rẹ̀,” ni yóò máa sọ. Àwọn ọmọ á máa yán.

Ní ọjọ́ kan, Lékèélékèé, ẹyẹ funfun tó máa ń tẹ̀ lé màlúù kiri, ti ìlú àwọn ènìyàn dé. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan sẹ́nu, tó ń dán bí omi.

“Kí lèyí?” ni Baálẹ̀ àwọn ẹ̀gà bi í.

“Ẹ̀rọ ni. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Ẹ sá a sí oòrùn díẹ̀, kí ẹ wá bi í ní ohunkóhun tó bá wù yín.”

Wọ́n sá a sí oòrùn. Ojú rẹ̀ tàn yanran.

“Ẹ kú àárọ̀ o,” ni Ẹ̀rọ wí, ohùn rẹ̀ dùn létí. “Kí ni kí n bá yín ṣe?”

Fìjàbí ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn, ọmọbìnrin kan tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà rárá. Ó na ìwé ìtàn rẹ̀ sí i. “Ka eléyìí fún mi.” Kí ọmọ náà tó ṣẹ́jú, Ẹ̀rọ ti kà á tán. Ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ṣókí, ó tún bèèrè bóyá kí òun kọ òmíràn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ìdí Ẹ̀rọ ni gbogbo ọmọ ń jí lọ.

Inú Àwẹ̀ró kò dùn. Ó jókòó sídìí pátákó rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ tó ti kọ ẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, Ẹ̀rọ bi òun náà pé, “Tíṣà, ṣé kí n bá yín kọ nóòtì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí?”

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí Àwẹ̀ró ti ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ kọ nóòtì. Ó ní kó kọ ọ́. Nóòtì náà sì dára! Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kó máa bá òun máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró sun oorun ọ̀sán fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti di tíṣà.

Nígbà tó yá, ó ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí “Ìyá Mi”. Ogójì ọmọ ló kọ ọ́. Àwẹ̀ró yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀: “Ìyá mi jẹ́ obìnrin tó ga. Ó ní irun dúdú, ó sì fẹ́ràn láti máa wọ bàtà pupa.”

“Bàtà kẹ̀?” ni Àwẹ̀ró wí lábẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹyẹ wo ló ń wọ bàtà? Àfi ìgbà tó wo ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ̀rọ ti máàkì í: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá fún gbogbo wọn.

Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, Ẹ̀rọ ló tún máàkì í. Iṣẹ́ wo ló wá kù fún òun àti àwọn ọmọ? Ó pinnu pé tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé dé, oorun ọ̀sán tún dùn, ó sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí lẹ́tà Àdàbà dé. Orí òrùlé ní abúlé àwọn ènìyàn ni Àdàbà ń gbé, ohun tí wọ́n bá sì ń sọ lábẹ́ òrùlé náà, ó máa ń gbọ́ ọ. Lékèélékèé ló bá a mú lẹ́tà náà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó jù ú sílẹ̀, ó sì bá màlúù rẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ kò tilẹ̀ wo ojú lẹ́tà náà. Iwájú Ẹ̀rọ ló gbé e sí. Ẹ̀rọ kà á jáde:

“Igbá mẹ́ta ń bọ̀ lọ́la. Ẹ kó ẹyìn sílẹ̀ kí oòrùn tó mú.”

“Igbá mẹ́ta!” ni Baálẹ̀ wí. “Ọkà bàbà ni Àdàbà ń gbé bọ̀ yẹn. Ó fẹ́ ká fi ẹyìn ọ̀pẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ o!”

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn. “Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fojú kan lẹ́tà náà.”

“Tíṣà, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ̀rọ ti kà á.”

Àwẹ̀ró fà sẹ́yìn. Ojú tì í láti tẹnu mọ́ ọn, nítorí ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo ẹ̀gà ń já ẹyìn, wọ́n ń kó o jọ sí ìdí ọ̀pẹ, wọ́n sì ń dá ọ̀fun tọ́lá nítorí ọkà bàbà.

Ilẹ̀ mọ́. Fìjàbí fò wá sí ìtẹ́ tíṣà rẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n ti pa tì níwájú Ẹ̀rọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ fi tẹ́ ìtẹ́ àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣì wà nínú ẹyin, ṣùgbọ́n ohun kan ń dà á láàmú.

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìdọ̀tí ló wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni? Mo gbọ̀n ọ́n, kò kúrò.”

“Àmì ni, ọmọ mi. Àbí o ti gbàgbé? Mo ti...” Àwẹ̀ró kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí lẹ́tà.

*Igbà mẹ́ta ń bọ̀ lọ́la. Ẹ kó ẹyin sílẹ̀ kí oòrùn tó mú.*

Gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ dìde. Kì í ṣe igbá tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí. Igbà ni, okùn tí àwọn akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ! Akọ̀pẹ mẹ́ta ń bọ̀ wá gé imọ̀, ara imọ̀ wọ̀nyẹn sì ni gbogbo ìtẹ́ àwọn ẹ̀gà so rọ̀ sí. Àdàbà kò bèèrè ẹyìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n kó ọmọ wọn sá. Ọ̀la tó wí náà sì ti di òní.

Ó fò lọ bá Baálẹ̀, Fìjàbí tẹ̀ lé e.

“Tíṣà,” ni Baálẹ̀ wí lẹ́yìn tó gbọ́ tán, “Ẹ̀rọ kì í ṣìṣe. Ẹ má bínú, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé ẹ̀ ń jowú rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kò ráyè bínú. Ó yíjú sí Ẹ̀rọ. “Ẹ̀rọ, àmì wo lo rí lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà yìí?”

“Àmì? Ẹ má bínú, Tíṣà, kí ni àmì? *I, gb, a* ni mo rí.”

“Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé igbá ni?”

“Mi ò mọ̀. Igbá ni mo máa ń bá pàdé jù, mo bá mú un. Àwọn tó kọ́ mi kò fi àmì kankan hàn mí rí.”

“Kí ló dé tí o kò sọ pé kò dá ọ lójú?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí.”

Gbogbo ẹ̀gà tó ti pé jọ síbẹ̀ wo ara wọn. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan. Àwẹ̀ró fi àgógó ẹnu rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sára igi gàdàgbà, ó fàmì sí i ní ọ̀nà mẹ́rin.

“Ẹ kà á,” ni ó wí. “Kì í ṣe sínú o! Ẹ jẹ́ kí etí ara yín gbọ́ ọ.”

Àwọn ọmọ la ẹnu, kò sí ohùn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti kàwé gbẹ̀yìn. Fìjàbí sún mọ́ igi náà. “I... i-gbá,” ni ó wí. “Igbà. Ìgbà. Igba!” Ó yí ojú sí Baálẹ̀. “Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà!”

Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Igbá, igbà, ìgbà, igba! Àwẹ̀ró kọ èkejì: ẹyìn, ẹyin. Àwọn ìyá tó wà nítòsí kà á tẹ̀ lé àwọn ọmọ. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ pe “ẹyin”, ó fò dìde, ó forí lé ìtẹ́ rẹ̀. Kò dúró gba àṣẹ Baálẹ̀. Baálẹ̀ alára náà sì tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo iṣẹ́! Wọ́n ń ya imọ̀, wọ́n ń hun apẹ̀rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n ń gbé ẹyin ní méjì méjì lọ sórí igi àràbà kan létí odò. Oòrùn ń gòkè. Wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin nísàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí igbà gbá ọ̀pẹ mọ́ra, gbà!

“Àwọn àbúrò mi!” ni Fìjàbí ké.

Ìtẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Àwẹ̀ró àti Fìjàbí jọ wọ inú rẹ̀. Wọ́n kó ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀kan di etí ọ̀tún mú, èkejì di tòsì, wọ́n fò. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí imọ̀ náà fi já lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, wààà.

Wọ́n ka ẹyin lórí àràbà. Ó pé! Ní ti àwọn akọ̀pẹ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá òkìtì ẹyìn tí ẹnìkan ti bá wọn já sílẹ̀. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ó gbé Ẹ̀rọ dání, ó fẹ́ jù ú sódò.

“Ẹ dúró,” ni Àwẹ̀ró wí. “Bó bá jẹ́ pé ẹni tó jẹ̀bi là ń jù sódò, ẹ ju èmi náà. Iṣẹ́ mi ni mo gbé fún un, tí mo lọ sùn. Ẹ̀rọ ń ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ tí kò bá tètè gbọ́, kì í sú Ẹ̀rọ láti tún un sọ fún un nígbà ogún. Èmi, ó máa ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ọmọ á kọ́kọ́ kà á kí Ẹ̀rọ tó kà á. Èmi ni màá sì máa máàkì ìwé wọn. Ẹ̀rọ, ṣé o gbà?”

“Mo gbà,” ni Ẹ̀rọ dáhùn. “Ohun tí kò bá dá mi lójú, màá sọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ kọ́ mi ní àmì.”

Fìjàbí ti dìde. “Èmi ni màá kọ́ ọ!”

“Èmi ni!” ni òmíràn wí. Ogójì ọmọ bo Ẹ̀rọ, kálukú ń ka ìwé tirẹ̀ sí i létí. Àwọn ìyá wọn dá sí i. Bí ẹnìkan bá ṣi ohùn pè, mẹ́wàá á jọ tún un ṣe. Òwìwí, tó ń sùn nínú ihò àràbà, yọ orí síta. “Ẹ̀yin ẹ̀gà, ṣé orí yín pé báyìí?” Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Àwẹ̀ró dúró láàárín ariwo náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ ti há, oorun ọ̀sán kò sì wá sọ́kàn rẹ̀ rárá.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà kò ti dákẹ́ mọ́. Bí ẹ bá kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ tí ẹ gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ṣáá, ẹ má rò pé ìjà ni. Wọ́n ń kàwé ni. Ẹnìkan ló ṣi ohùn pè, gbogbo wọn sì ń bá a tún un ṣe.